Òwú Kan fún Pupa

"Ẹ̀ẹ̀mẹta! Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti tẹsẹ̀ bọ ilé ìtẹ̀wé yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta lo sì ti sọ pé ó ti dáa! Ṣé èyí ló dáa?"

Bàbá Ójinná na káàdì ìgbéyàwó kan sí atúnkọ̀ǹpútàṣe náà nímú. Nínú fọ́tò ara káàdì náà, ojú ìyàwó dà bí ojú ẹni tí oyin ta, ewé tó wà lẹ́yìn ọkọ sì pọ́n bí ẹ̀yinná. Oníbàárà ti da odindi páálí kan padà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì bú gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó lọ.

"Ẹ má bínú, sà. Nígbà tí mo wá gbẹ̀yìn, àwọ̀ ẹ̀ pé pérépéré. Ojú ara mi ni mo fi rí i."

"Ojú ẹ! Ojú wo lo ní? Ojú tèmi yìí ti wà nídìí íǹkì kí wọ́n tó bí ẹ. Má padà wá síbí mọ́. Ẹni tí kò lè tún ojú kọ̀ǹpútà kan ṣáṣá ṣe, òun náà ló ń ṣẹ́jú sí ọmọ mi!"

Gbogbo ilé ló gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Àǹtí Ọ̀bẹ, àbúrò Ìyá, tó máa ń gé pépà, dá ẹ̀rọ ẹ̀ dúró kó lè gbọ́ dáadáa. Ìyá jókòó sí kọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó ń so òwú mọ́ ọrùn agolo íǹkì tuntun bó ṣe máa ń ṣe, kò sì gbójú sókè. Àbígbẹ̀yìn, ọmọ tí wọ́n ń torí ẹ̀ pariwo, tó ń fi kọ̀ǹpútà náà ya káàdì àti ìwé ìkéde, wo abẹ́ tábìlì bíi pé kó wọ ibẹ̀ lọ.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe náà káwọ́ sẹ́yìn, ó kí Bàbá, ó kí Ìyá, ó gbé àpò wáyà ẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde. Wáyà ni gbogbo ilé náà ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí wọ́n fi ń pe Bàbá ní Ójinná, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí fi ara pamọ́ sí. Tí ẹ̀rọ bá tẹ àpẹẹrẹ iṣẹ́ jáde, wọ́n á gbé e fún Bàbá. Bàbá á dorí kodò, á na ìwé náà jìnnà sójú, á tún fà á mọ́ra, á wá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ó jinná." Tàbí, "Kò tíì jinná." Ó parí. Láti ìgbà tí Àbígbẹ̀yìn ti gbọ́njú, kò gbọ́ kí bàbá ẹ̀ pe àwọ̀ kan ju "ó pọ́n" tàbí "ó dúdú" lọ. Èdè wa sì gba irú ẹ̀: ohun tó bá ti pọ́n, ó ti pọ́n náà nìyẹn, ohun tí kò bá pọ́n, tí kò sì funfun, a lè pè é ní dúdú, kẹ́nikẹ́ni má yẹ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn oníbàárà ní àgbà ọ̀jẹ̀ ni, pé ìmọ̀ ló jẹ́ kó gé ọ̀rọ̀ ẹ̀ kúrú. Káàdì tí ojú ìyàwó ti wú nínú ẹ̀ yìí pàápàá, Bàbá ló wo àpẹẹrẹ ẹ̀. Ó ní ó jinná.

Oṣù méjì ṣáájú ariwo yìí ni Wáyà kọ́kọ́ wá. Àbígbẹ̀yìn ló pè é. Nígbà tó fi máa dé, ojú kọ̀ǹpútà náà ti gbádùn ara ẹ̀, ó ń tàn bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí.

"Ọ̀gá, kí lẹ rí gan-an?" ni Wáyà bi í.

"Mo padà dé láti ibi tí mo ti lọ jẹun, mo bá a pé pupa kì í ṣe pupa mọ́. Ó dà bí òdòdó tó ti pẹ́ nínú omi. Ewé náà sì ń sá lọ sọ́dọ̀ aró."

Wáyà wò ó tẹ́rùn-tẹ́rùn. "Ẹ mọ̀ ọ́n sọ o. Àwọn mìíràn á kàn ní 'ó ti bàjẹ́, wá wò ó.'"

Ó yọ wáyà tó so kọ̀ǹpútà mọ́ ojú ẹ̀, ó rí i pé ọ̀kan nínú àwọn abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ẹnu ẹ̀ ti tẹ̀, ó fi ẹ̀mú nà án. Ó ní ó jọ pé òun ló fà á. Lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, ó ti ìka bọ inú ife omi tó wà lórí tábìlì, ó kán ẹ̀kán kan ṣoṣo sójú kọ̀ǹpútà, níbi tó ti funfun jù.

"Kí lẹ ń ṣe yẹn? Ẹ fẹ́ pa á ni?"

"Ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ wo inú omi yẹn."

Àbígbẹ̀yìn sún mọ́ ọn. Nínú ẹ̀kán omi náà, kò rí funfun. Ó rí àwọn iná kéékèèké tó tò bí eyín àgbàdo: pupa kan, àwọ̀ ewé kan, àwọ̀ aró kan, pupa, ewé, aró, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ láìlópin. Orí ẹ̀ wú. Ó sún sẹ́yìn, funfun padà. Ó tún sún mọ́ ọn, funfun pòórá.

"Funfun náà dà?"

"Kò sí níbẹ̀. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń jókòó síwájú ẹ̀, kò fìgbà kan sí níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí ló ń dì mọ́ra wọn, ojú yín ló ń pè é ní funfun."

"Gbogbo ẹ̀? Aṣọ ìyàwó? Eyín? Àwọsánmà?"

"Gbogbo ẹ̀, Ọ̀gá."

Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń fọ aṣọ ìyàwó inú fọ́tò di funfun báláú níwájú ohun yìí! Kò mọ ìgbà tí orí òun àti ti Wáyà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn lórí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo. Nígbà tí Wáyà lọ tán, ó kán omi, ó nù ún, ó tún kán omi, títí Àǹtí Ọ̀bẹ fi bèèrè pé ṣé ó ń fún kọ̀ǹpútà lómi mu ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àwọ̀ tún dàrú. Wáyà tún dé, ó sì bá a pé ó ti dáa. Ó pààrọ̀ wáyà náà pátápátá, ó so tuntun mọ́ ọn. Ìgbà kẹta, ó ti ń mú ṣokoléètì sápò wá, ó sì ti kúrò ní "Ọ̀gá." Ó tú gbogbo ètò àwọ̀ inú kọ̀ǹpútà náà palẹ̀, ó tún un tò. Bó ṣe ń palẹ̀ mọ́, ó ní:

"Mo fẹ́ máa rí ẹ láìjẹ́ pé nǹkan bàjẹ́."

Àbígbẹ̀yìn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Etí ẹ̀ ń jó bí iná. "Tó bá jẹ́ òótọ́ lo fi sọ ọ́," ló dáhùn nígbà tó yá, "lọ bá Àǹtí Ọ̀bẹ."

Wáyà lọ bá Àǹtí Ọ̀bẹ. Àǹtí gba iṣẹ́ alárinà bí ẹni tó ti ń retí ẹ̀ láti inú oyún. Ó jíṣẹ́ fún Ìyá, Ìyá ní òun gbọ́. Ó jíṣẹ́ fún Bàbá, Bàbá ní kí ẹ̀gbọ́n bàbá Wáyà wá, kí òun rí wọn. Gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa kí káàdì olójú-wíwú yẹn tó dé.

Lẹ́yìn ariwo yẹn, Àǹtí Ọ̀bẹ fa Àbígbẹ̀yìn sẹ́yìn òkìtì pépà.

"Ìwọ ọmọ yìí, mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn o, àmọ́ jẹ́ kí n bi ẹ́. Ṣé ó dá ẹ lójú pé kì í ṣe òun ló ń bà á jẹ́?"

"Háà, Àǹtí! Kí ló máa bà á jẹ́ fún?"

"Kó lè máa wá ni! Ẹni tó ń fi ojú jẹ ẹ́ bí oúnjẹ. Ó dé, ó dáa. Ó lọ, ó bàjẹ́. Ìwọ náà ronú."

Ó ronú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí inú bí i. Kí ló wá dé tó jẹ́ ẹ̀rín ló ń pa á? Àmọ́ nígbà tó rántí páálí káàdì tó di ìdọ̀tí, ẹ̀rín náà kú. Ẹni tó bá lè ba iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn jẹ́ nítorí ìfẹ́, kí ni kò ní bà jẹ́ nítorí ìbínú?

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ti ibi oúnjẹ ọ̀sán dé, ó bá pupa tó ti di òdòdó inú omi. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó. Ó pe Wáyà lórí fóònù: "Máa bọ̀ báyìí-báyìí. Mi ò ní dìde lórí àga yìí títí wàá fi dé, ì báà jẹ́ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

Bàbá gba iwájú ẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ó tún gbà á kọjá.

"Lọ jẹun."

"Mo ti jẹun, sà."

"Lọ ra omi tútù wá fún mi."

"Àǹtí Ọ̀bẹ á bá yín rà á, sà."

Bàbá ṣe "hùn," ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Eré ni Wáyà sá dé. Ó tẹ́jú mọ́ kọ̀ǹpútà náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó bá àìsàn náà lórí ibùsùn. Kò fọwọ́ kan wáyà kankan. Ó ṣí ojú ewé kan nínú ètò kọ̀ǹpútà, ó kà á, ọwọ́ ẹ̀ dúró gbagidi lórí máòsì.

"Ta ló ń jókòó síbí tó o bá dìde?"

"Kò sẹ́nì kankan. Bàbá nìkan, tí mo bá lọ jẹun, wọ́n á wo iṣẹ́ ọjọ́ náà."

Wáyà rọra yí ọrùn. Ó wo orí pẹpẹ, níbi tí àwọn agolo íǹkì tò sí. Íǹkì ti bo ìwé ara wọn pátá, èèyàn kò lè kà á mọ́, àmọ́ ọrùn agolo kọ̀ọ̀kan ló ní òwú: òwú kan níbí, òwú méjì lọ́hùn-ún. Ó wò ó pẹ́. Ó wá wo Bàbá lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá náà ń wò ó. Àbígbẹ̀yìn rí i pé àwọn méjèèjì gbàgbé pé òun wà níbẹ̀.

"Wáyà ló ń mì, sà," ni Wáyà wí. Ó tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọ̀ padà bọ̀ sípò. "Bàbá, mo ní ojú kọ̀ǹpútà àlòkù kan nílé. Mo lè gbé e sórí tábìlì yín, kí ẹ máa fi wo iṣẹ́ láyè ara yín."

"Ṣé mo bi ẹ́? Jáde!"

Àbígbẹ̀yìn bá a dé títì.

"Irọ́ lo pa! Wáyà wo ló ń mì? Ọwọ́ ara ẹ lo fi pààrọ̀ ẹ̀ níṣojú mi!"

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá ṣe é?"

"Mi ò lè sọ fún ẹ."

"Ṣé ìwọ lò ń bà á jẹ́?"

Wáyà rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. "Tó bá jẹ́ ohun tó o fẹ́ gbà gbọ́ nìyẹn, gbà á gbọ́."

"Ọkùnrin tó lè purọ́ fún mi lórí wáyà lásán!"

"Mi ò tíì purọ́ fún ẹ rí. Bàbá ni mo ń bá sọ̀rọ̀ nínú ilé lọ́hùn-ún." Ó gbé àpò ẹ̀ kọ́rùn. "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣì ń bọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Tí o ò bá fẹ́ kí wọ́n wá mọ́, rán Àǹtí Ọ̀bẹ sí mi."

Kò rán Àǹtí Ọ̀bẹ. Kò sì mọ ìdí tí kò fi rán an.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti dé ìdajì ọ̀nà ibi oúnjẹ kó tó rántí pé òun gbàgbé fóònù. Ó padà. Ó ti fẹ́ ti ilẹ̀kùn onídígí, ọwọ́ ẹ̀ sì dúró lófuurufú.

Bàbá ló wà lórí àga ẹ̀. Ìka mẹ́ta ni Bàbá gbé lé bọ́tìnnì mẹ́ta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé ọlọ́lá. Ó tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà yí padà. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ìgbéyàwó Bàbá àti Ìyá, tí Àbígbẹ̀yìn fọ̀ fún wọn lọ́dún tó kọjá. Ìyá dúró nínú aṣọ pupa, ọgbà eléwé tútù yọ̀yọ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀. Bàbá tẹ àwọn bọ́tìnnì náà, àwọ̀ padà. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó yí. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, bí ọmọdé tó ń ṣí ilẹ̀kùn tó ń tì í, tí kò gbà pé yàrá tí òun rí ní òdì kejì wà lóòótọ́.

Ó wá dá a dúró síbi tó ti yí. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ìyàwó inú fọ́tò náà, kò jẹ́ kí ìka kan dígí.

"Ó dá dúró," ni Bàbá sọ, ohùn ẹ̀ kò ju èémí lọ. "Aṣọ yẹn kì í ṣe ara ewé. Ó dá dúró láti ọjọ́ yìí wá. Ọdún méjìdínlógójì! Háà, ìyàwó mi. Báyìí lo ṣe yọ."

Ìgbà náà ló yé Àbígbẹ̀yìn pé ńṣe ni bọ́tìnnì mẹ́ta yẹn ń yí àwọ̀ fún ẹni tí ojú ẹ̀ kò lè ya pupa àti àwọ̀ ewé sọ́tọ̀. Aṣọ àti ewé, nǹkan kan náà ni wọ́n jẹ́ lójú Bàbá. Lójú Bàbá, ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, Ìyá inú fọ́tò yẹn jẹ́ ojú kan àti ọwọ́ méjì tó yọ láàárín igbó. Ó fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi dé títì. Ní òdì kejì ọ̀nà, ẹnì kan gbé ike pupa kan kọ́ ẹ̀ka igi. Ike náà pọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ó dúró, ó wò ó, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ta ló mọ̀ pé ohun ńlá ni kéèyàn rí ike?

Ó wọ ẹ̀yìnkùlé lọ bá Ìyá.

"Ìyá, kí ni òwú yìí wà fún?"

"Kí agolo má baà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́."

"Ìyá."

Ìyá fi eyín gé òwú. Ó wo ojú ọmọ ẹ̀, ó rí ohun tó wà níbẹ̀. "Ọ̀kan fún pupa," ló wí, "méjì fún àwọ̀ ewé."

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ kejì ìgbéyàwó. Bàbá ẹ ra búláòsì kan wá fún mi, inú wọn ń dùn ṣìnkìn. Wọ́n ní àwọn rà á kó bá aṣọ ìgbéyàwó mi mu. Aṣọ pupa! Búláòsì náà tutù bí ewé ẹ̀fọ́."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo wọ̀ wọ́n pọ̀. Mo jáde. Gbogbo àdúgbò wò mí bí àwòran. Mo ní ó bá a mu."

"Ṣé Bàbá mọ̀ pé ẹ mọ̀?"

"A ò sọ ọ́ rí. Òwú ló ń bá wa sọ ọ́." Ó fa òwú mìíràn jáde. "Àwa méjì péré la mọ̀."

"Ó ku ẹnì kan, Ìyá." Ó sì ro gbogbo ẹ̀ fún un: bọ́tìnnì mẹ́ta, agolo orí pẹpẹ, ojú tí Wáyà àti Bàbá fi wo ara wọn.

"Ó mọ̀, ó sì ní wáyà ló ń mì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tí wọ́n fi lé e jáde bí olè? Kò sì sọ fún ìwọ náà?"

"Kò sọ, mà. Mo bú u, kò sọ."

Láti ọjọ́ tó ti gbọ́njú, Àbígbẹ̀yìn kò rí kí ọwọ́ Ìyá dúró lórí òwú rí. Ó dúró lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ ìsinmi pé. Wáyà dé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀, aránṣọ kan tó ti hewú, tó mọ ọ̀rọ̀ sọ bí ó ṣe mọ abẹ́rẹ́ fà. Wọ́n jókòó ní pálọ̀. Nígbà tí Ìyá jáde láti inú yàrá wá kí wọn, ojú aránṣọ náà fò sókè: aṣọ pupa àtijọ́ kan ni Ìyá wọ̀, ó fi búláòsì kan lé e tó tutù bí ewé ẹ̀fọ́. Àǹtí Ọ̀bẹ fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá nìkan ni kò rí nǹkan kan. Ó ní, "Ìyá Àbígbẹ̀yìn, o múra o."

Aránṣọ náà rojọ́ ìfẹ́ ọmọ ẹ̀ dáadáa. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó dìde dúró.

"Ọ̀rọ̀ yín dùn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Níwájú bàbá ẹ, níwájú gbogbo wa: kí ló ń ṣe ojú kọ̀ǹpútà mi?"

Àbígbẹ̀yìn rí pàkúté náà kedere. Bí Wáyà bá sọ ọ́, ó ti dójú ti Bàbá níwájú àlejò, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn títí ayé. Bí kò bá sọ ọ́, òpè ni, ilẹ̀kùn náà á tì. Ẹ̀rù ló ń ba Bàbá. Ó fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n jìnnà.

Wáyà wo ilẹ̀. "Mi ò mọ̀ ọ́n, sà."

"O ní wáyà ló ń mì nígbà yẹn."

"Mo ṣì í, sà. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe é."

Aránṣọ náà tẹrí ba. Ojú ń tì í fún ọmọ ẹ̀. Àbígbẹ̀yìn la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Wáyà wò ó, ó mi orí díẹ̀, díẹ̀ báyìí: má sọ ọ́. Ó pa ẹnu dé. Ó wo ọkùnrin tó jókòó níbẹ̀, tó gbà kí wọ́n pe òun ní òpè nídìí iṣẹ́ ara ẹ̀, tó sì fara balẹ̀ bí omi inú àmù. Ara ẹ̀ bù máṣọ, bíi ti ọjọ́ tó wo inú ẹ̀kán omi yẹn, tó rí i pé funfun kì í ṣe funfun.

"Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ara ẹ̀!" Bàbá nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Kò mọ̀ ọ́n! Iṣẹ́ tó ní òun ń ṣe, kò mọ̀ ọ́n! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mú un..."

"Bàbá Àbígbẹ̀yìn, ẹ dákẹ́ ná."

Ìyá ti dìde. Ó gba iwájú Bàbá kọjá nínú aṣọ pupa àti búláòsì ewé, ó dúró níwájú Wáyà, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú rìlì òwú ẹ̀ jáde, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọkùnrin náà, ó sì pa ìka ẹ̀ dé lé e lórí.

"Gbà, ọmọ mi. Ọ̀kan fún pupa, méjì fún àwọ̀ ewé. So ó le dáadáa. Ọwọ́ ni wọ́n máa ń fi wá a."

Bàbá jókòó.